Bí A Bá Ń Sunkún, A Máa Ń Ríran: Àgbéyẹ̀wò Ẹkún Àgbàlagbà nínú Ewì Ohùn Wa

Nígbà tí ìyàwó ẹlẹgbẹ́ wa kan, olùkọ́ bí àwa, jáde láyé ní agbègbè Tchaourou níbí, gbogbo àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni a lọ kí i nílé. A jókòó yí i ká lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lójúde rẹ̀. Bí ètè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n báyìí, ẹnìkan nínú wa sọ pé, "Ẹ mọ́kàn le, ọ̀gá." Ẹlòmíràn ní, "Ọkùnrin ni yín. Ẹ wo ojú àwọn ọmọ." Ẹnìkẹta fi Faransé gbè é lẹ́sẹ̀ pé, "Un homme ne pleure pas." Àwa náà wà níbẹ̀, a sì sọ tiwa. Ọkùnrin náà gbé omijé mì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì padà sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ kejì. A yìn ín. A ní àgbà ni.

Ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà kí ó tó sọ fún wa, láìbínú rárá, pé: "Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ sunkún, ẹ̀yin ni ẹ wá pa mí lẹ́nu mọ́. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti mọ ibi tí mo lè sun ún sí mọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí a sùn dáadáa. Ohun tí a ṣe lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, àṣà ni a rò pé a ń tẹ̀ lé. Nítorí náà ni a ṣe padà lọ wo àṣà náà ní ibi tí ó ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, èyíinì ni nínú ewì ohùn tí àwọn baba àti ìyá wa fi sílẹ̀. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a fẹ́ gbé kalẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Èrò méjì ni ó wọ́pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín wa. Èkínní ni ti àwọn tó ń sọ pé Yorùbá gidi kì í fi inú hàn, pé bí ènìyàn bá ti dàgbà, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ. Èkejì ni ti àwọn ọ̀dọ́ wa, tí wọ́n ń gbọ́ lórí fóònù àti nínú ìwé pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa sọ ohun tó ń dùn ún láìtijú. Wọ́n gbà pé òkèèrè ni òmìnira yìí ti wá, pé àwọn baba wa ò mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n gbà gbọ́: pé àṣà wa pa àgbàlagbà lẹ́nu mọ́. Lójú tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀.

A ò sẹ́ pé òwe wà tó ń kì wá nílọ̀. Sùúrù ni baba ìwà. Àgbà tí kò bínú ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀ jọjọ. Àwọn Fúlàní tí a jọ ń gbé ní agbègbè yìí náà ní pulaaku tiwọn, nínú èyí tí ìfaradà, tí wọ́n ń pè ní munyal, ti jẹ́ òpó pàtàkì. Ọmọlúàbí Fúlàní kì í ké nítorí ìrora. Ìwà tó níyì ni. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn mọ ìgbà tí yóò sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí kí ó má ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ. Àwọn àgbà kan náà tó pa òwe sùúrù ni wọ́n pa òwe tí a fi ṣe àkọlé wa: bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ kíyè sí i pé òwe náà kò ní kí ẹni tó ń sunkún dákẹ́. Ó gbà pé yóò sunkún. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹkún kì í fọ́ ojú, pé ènìyàn lè sunkún kí ó sì tún rí ọ̀nà tí yóò tọ̀.

Èdè wa fúnra rẹ̀ tún jẹ́rìí sí i. Omijé ni í bọ́ lójú, kò dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹkún, à ń sun ún ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kan náà ni a ń lò fún ìjálá, fún rárà àti fún ìyẹ̀rẹ̀ Ifá: à ń sun ìjálá, à ń sun rárà. Nítorí náà, létí Yorùbá, ẹkún bá àwọn ewì wọ̀nyí tan. Ohun tí ẹnu ń ṣe ni, tí etí sì ń gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo mẹ́ta nínú ibi tí àgbàlagbà ti ń sọ inú rẹ̀ jáde lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ẹkún ọdẹ

Bí a bá ń wá ọkùnrin tí kò gbọdọ̀ sunkún, ọdẹ ni à bá kọ́kọ́ mú. Òun ni ó ń dá wọ igbó lóru, òun ni ó ń kojú ẹranko tó lè pa á, Ògún sì ni òrìṣà rẹ̀. Síbẹ̀, ṣàṣà ni ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá tí ewì ìdárò rẹ̀ jinlẹ̀ tó ti ọdẹ. Ìrèmọ̀jé ni à ń pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bádé Ajúwọ̀n kó o jọ, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Ìrèmọ̀jé: Eré Ìṣípà Ọdẹ, tó jáde ní ọdún 1981. Ó tún kọ orí kan nípa rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé Africa's Ogun tí Sandra Barnes ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1989.

Nígbà tí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ṣe ìṣípà fún un. Wọn a kó ohun èlò ọdẹ rẹ̀ jọ, wọn a sun ìrèmọ̀jé, wọn a sì gbé àwọn ohun èlò náà lọ sínú igbó, kí okùn tó so olóògbé pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ lè já pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nínú ìrèmọ̀jé, wọn a júbà, wọn a ki olóògbé ní oríkì ìdílé rẹ̀, wọn a ròyìn ohun tó ṣe nígbà ayé rẹ̀, wọn a bi í ní ìbéèrè bí ẹni pé ó ń gbọ́, wọn a sì ronú lórí ikú tí kò dá ẹnikẹ́ni sí. Bí ẹnìkan bá dákẹ́, ẹlòmíràn a gbà á.

Ohun méjì ni ó wú wa lórí níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ọdẹ kì í dá sun ìrèmọ̀jé ní kọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Níwájú àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ti ń sun ún, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ọkùnrin ni ọ́. Èkejì ni pé mímọ̀ ọ́n sun jẹ́ ara ohun tí ọdẹ ń kọ́, bí ó ti ń kọ́ ìtọpa ẹran. Ọdẹ tó bá mọ ìbọn yìn, tí kò mọ bí a ti ń dárò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ti yí padà: àwa tí a gbàwé ẹ̀rí, tí a ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìṣirò àti gírámà, kò sí ẹni tó kọ́ wa ní gbólóhùn kan tí a lè fi sọ pé ọ̀rẹ́ wa kú, ó sì dùn wá.

Ẹkún ìyàwó

Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ní àyíká rẹ̀, ìyàwó a máa sunkún kí ó tó kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ẹkún ìyàwó ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Ní Òkukù, rárà ìyàwó ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, Karin Barber sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1991, I Could Speak Until Tomorrow. Ọmọbìnrin náà a lọ bá bàbá, a lọ bá ìyá, a lọ bá àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. A dúpẹ́, a ki ìdílé rẹ̀, a tọrọ ìre, a sì sọ ẹ̀rù ilé ọkọ tí kò mọ̀ rí: ìyá ọkọ ńkọ́, orogún ńkọ́, ta ni yóò máa pe òun lórúkọ tí ìyá òun ń pè òun?

Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé wò níbi yìí ni àsìkò tí ẹkún náà bọ́ sí. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin ń di àgbàlagbà gan-an ni. Bí àgbà bá túmọ̀ sí ẹni tí kì í sunkún, ọjọ́ náà ni à bá ní kí ó gbá ojú rẹ̀ nù. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹkún ni a fi ń sìn ín kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó ti ń kọ́ ọ láti ìgbà tó ti ń tẹ̀ lé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì mọ̀ pé wọn yóò fi etí sí bí òun yóò ti sun ún. Ẹni tó mọ̀ ọ́n sun ni wọ́n ń yìn pé ilé ire ni ó ti jáde.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹkún tí a kọ́ kì í ṣe ẹkún òtítọ́. Àwa ò gbà. Àdúrà tí a kọ́ láti kékeré kò di irọ́ nítorí pé a kọ́ ọ. Ọmọbìnrin tí ìbẹ̀rù kún inú rẹ̀, tí kò sì ní ọ̀rọ̀, ẹkún náà ni ó fún un ní ọ̀rọ̀. Bí ó bá wá kan ibi tí yóò ti ki ìyá rẹ̀, ta ni yóò sọ pé omijé tó ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì kì í ṣe tiwọn?

Ìbínú ní òru Ẹ̀fẹ̀

Ìbànújẹ́ nìkan kọ́ ni ó ń gbé inú àgbàlagbà. Ìbínú náà ń bẹ níbẹ̀, òun ni ó sì ṣòro jù láti sọ ní ìlú kékeré tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn. Fún èyí, Kétu fún wa ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001, tí ó sì wọ inú àkójọ ohun àjogúnbá gbogbo aráyé ní 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Àwọn àlejò mọ ijó àti ère orí rẹ̀ tó rẹwà. Àwa fẹ́ kí a rántí òru tó ṣáájú ijó náà, òru Ẹ̀fẹ̀. Olórin Ẹ̀fẹ̀ a kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa. Lẹ́yìn èyí, a lè sọ ohun tó ń bí ará ìlú nínú: ti olówó tó ń fi owó rẹ̀ rẹ́ni jẹ, ti ìjòyè tó ń ṣe ojúsàájú, ti ọkọ tàbí aya tó ń ṣe ohun ìtìjú. Àwọn ènìyàn a rẹ́rìn-ín, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wí a sì gbọ́ tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò sí ẹni tí yóò fi ọ̀rọ̀ òru yẹn pe olórin lẹ́jọ́.

Ìbínú tí a kò bá sọ ní òru Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe pé yóò parẹ́. Yóò di èébú, yóò di ìjà ìdílé, tàbí kí ó di àtẹ̀jíṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ lórí fóònù ní òru, tí a ń kábàámọ̀ rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́.

Ibi tí ewì wọ̀nyí kù sí

Bí a bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, a ó rí ohun kan náà: àsìkò tí a yà sọ́tọ̀, ohùn tí a kọ́, àti etí tó ń gbọ́. Àwọn baba wa kò fi àgbàlagbà sílẹ̀ kí ó máa dá ìbànújẹ́ rẹ̀ gbé. Wọ́n tún mọ̀ pé ẹni tó ń sunkún níbi gbogbo àti ní ìgbà gbogbo, a kì í pẹ́ dẹ́kun gbígbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa ni láti ṣe àgbéyẹ̀wò, a kò gbọdọ̀ pọ́n àtijọ́ kọjá bí ó ti yẹ. Ọdẹ nìkan ni ìrèmọ̀jé wà fún. Àgbẹ̀ àti olùkọ́ kò ní tiwọn. Ẹkún ìyàwó gba ìyàwó láàyè láti sọ ẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà á láàyè láti sọ pé òun kò fẹ́ ọkọ náà. Ó dájú pé àwọn kan wà tí ewì dáradára yẹn bo ẹkún gidi wọn mọ́lẹ̀. Olórin Ẹ̀fẹ̀ ń sọ ẹ̀ṣẹ̀ ìlú, kì í sọ ọgbẹ́ ọkàn ara rẹ̀.

Ibi tó dùn wá jù ni òkú ọ̀fọ̀. Bí arúgbó bá kú, a ní orin, a ní ìlù, a ní oúnjẹ. Bí ọ̀dọ́ bá kú, ńṣe ni a ń sin ín ní kíákíá, tí a sì ń dákẹ́. Àṣà tilẹ̀ wà tí kò jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Ìyá tí ọmọ kú fún, kí la ń sọ fún un? "Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò." Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, àṣà fún un ní àkókò opó, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìnira tí kò tọ́. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú kò ní àkókò kankan tó dà bí i rẹ̀. Wọn a ní kí ó tètè wá ẹlòmíràn tí yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ. Níbi àlàfo yìí gan-an ni ẹlẹgbẹ́ wa bọ́ sí. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì dàgbà tó ẹni tí a ń fi ìlù sin, òun náà kì í sì í ṣe ọdẹ.

Ohun tí a fi rọ́pò wọn

Kí ni a wá ń ṣe lónìí? Ẹ lọ sí ibi ìsìnkú ní agbègbè wa ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ ó rí àgọ́, ẹ ó rí aṣọ ẹgbẹ́, ẹ ó gbọ́ ẹ̀rọ ohùn tó ń bú ramúramù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. A kò lòdì sí bíbọlá fún òkú àgbà. Ohun tí à ń bi ara wa ni pé, nínú ariwo yẹn, ibo ni ọmọ olóògbé ti lè sọ gbólóhùn kan nípa bàbá rẹ̀ kí ẹnìkan sì gbọ́? Ó ń sá kiri láti mọ̀ bóyá ìrẹsì tó àlejò. Bí àlejò bá ti lọ tán ni ìbànújẹ́ wá ń kan ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹnikẹ́ni nílé mọ́ yàtọ̀ sí òun nìkan.

Ilé-ìwé náà kò tíì ṣe tó. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, a máa ń ka L'Enfant noir ti Camara Laye, tó jáde ní 1953, pẹ̀lú àwọn ọmọ. Nígbà tí ìyá inú ìwé náà bá gbọ́ pé ọmọ òun ń lọ sí ilẹ̀ Faransé, a bínú, a kọ̀, a sì sunkún. Lọ́dún kan, a bi kíláàsì pé kí ni wọ́n rí níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan dáhùn pé, "Ìyá ni, ó yẹ ẹ́." A bi í pé bí ó bá jẹ́ òun ni bàbá ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Olùkọ́, èmi yóò lọ sí oko." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, a sì ṣí ojú ìwé tó kàn. A mọ̀ nísinsìnyí pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ti mọ ibi tí yóò sá pa mọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní agbègbè wa ni ó ń lọ sí oko lọ́nà bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń lọ sí ìdí sódàbì.

Àwọn tó ń sọ pé kí àgbàlagbà máa sọ ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ní fàlàlà ní òtítọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Ènìyàn lè ní òmìnira láti sunkún, kí ó má sì rí ẹni tí yóò gbọ́. Ohun tí ewì àwọn baba wa mọ̀, tí àwa gbàgbé, ni pé etí ni ó ń sọ ẹkún di ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń sunkún kò ju ìdajì lọ; ìdajì yòókù wà lọ́wọ́ àwọn tó jókòó tì í.

Nítorí náà ni a ṣe padà lọ sí ilé ẹlẹgbẹ́ wa. Àwa mẹ́ta ni a lọ, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí ọjọ́ ìkíni ti kọjá pẹ́. A tọrọ àforíjì. A wá ní, "Ẹ sọ̀rọ̀ wọn fún wa." Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oríkì ìyàwó rẹ̀, bí ó ti máa ń kì í láàárọ̀. A kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n kì. Ó sọ bí wọ́n ti pàdé nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Parakou. Ó sọ ohun tí obìnrin náà sọ gbẹ̀yìn. Ó sunkún, ó sì pẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ọkùnrin ni. Nígbà tí ó nu ojú rẹ̀ tán, ó wo òkè, ó rí i pé òjò ti ṣú, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ kí wọ́n lọ kó àgbàdo tí wọ́n sá sójúde wọlé.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. A rọ ẹ̀yin òǹkàwé wa pé, bí ẹ bá tún lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kí ẹ fi "mọ́kàn le" sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jókòó. Ẹ ní kí ó sọ̀rọ̀ olóògbé fún yín, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán.